Màlúù ń mí gúlegúle lórí pápá fescue: ṣé oòrùn ni, àbí koríko?

Ọlọ́sìn Missouri:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀gá wa nínú iṣẹ́ ọ̀sìn. Gúúsù ìpínlẹ̀ Missouri ni mo ti ń sin màlúù, koríko tall fescue, ẹ̀yà Kentucky 31, ló sì bo pápá náà láti ìgbà tí mo ti rà á. Láti ìgbà tí ooru oṣù Kẹfà ti wọlé ni àwọn màlúù mi kò ti jẹko dáadáa mọ́ ní ọ̀sán. Inú adágún ni wọ́n máa ń wọ̀ lọ, wọ́n á dúró síbẹ̀ títí oòrùn á fi rọlẹ̀, itọ́ á máa dà lẹ́nu wọn, wọ́n á sì máa mí gúlegúle. Irun tí wọ́n fi la ìgbà òtútù kọjá, tí ó yẹ kó ti re dànù, ṣì wà lára wọn ní jákujàku. Ohun tí kò yé mi ni pé màlúù aládùúgbò mi, tí ẹ̀yà wọn kò yàtọ̀ sí ti tèmi, tí oòrùn kan náà sì ń ràn lé lórí, ń jẹko lọ ní tiwọn lórí koríko bermuda. Ṣé oòrùn ló ń ṣe tèmi ni, àbí koríko? Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe, kí ni mo sì lè fi sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀?

Dókítà Ẹran:
Àbúrò, àwọn méjèèjì ló lọ́wọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀bi wọn kò dọ́gba. Oòrùn ló ń kó ooru wọlé sára ẹran. Koríko ló ń tì í mọ́ ibẹ̀.

Fọ́ńgọ́sì kan tí ojú lásán kò lè rí, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Epichloë coenophiala, ń gbé láàárín ara koríko fescue yìí. Koríko ń bọ́ ọ, òun náà sì ń ran koríko lọ́wọ́ láti fara da ọ̀dá, kòkòrò àti ẹran tó ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́. Màlúù ni gbèsè àjọṣe yìí ń já lé lórí, nítorí pé fọ́ńgọ́sì náà ń pèsè àwọn májèlé kan tí à ń pè ní ergot alkaloid, èyí tí ergovaline jẹ́ ògúnná gbòǹgbò láàárín wọn. Bí májèlé náà bá ti wọ ara ẹran, ńṣe ni ó ń fún àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, pàápàá àwọn tó ń lọ sí awọ ara, ẹsẹ̀, etí àti ìrù. Ẹ sì mọ̀ pé nípa gbígbé ẹ̀jẹ̀ gbígbóná wá sí awọ, kí afẹ́fẹ́ lè gba ooru lára rẹ̀, ni màlúù fi ń tu ara rẹ̀ lára. Òógùn tirẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ènìyàn. Nígbà tí iṣan bá ti fún, tí ẹ̀jẹ̀ kò rí ọ̀nà dé awọ bó ṣe yẹ, mímí nìkan ló kù tí ẹran lè fi lé ooru jáde, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí i tí wọ́n ń mí gúlegúle.

Ní ti irun, májèlé kan náà ló fà á. Ó ń dín họ́mọ́nù tí ń jẹ́ prolactin kù nínú ẹ̀jẹ̀. Họ́mọ́nù yìí wà lára ohun tó ń jẹ́ kí irun òtútù re nígbà tí ọjọ́ bá ń gùn sí i, òun ló sì ń ti wàrà lẹ́yìn. Màlúù tí prolactin rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ á gbé irun tó nípọn wọ inú ooru, wàrà rẹ̀ á dín kù, ọmọ rẹ̀ kò sì ní tóbi tó bó ṣe yẹ. Nígbà tí ojú ọjọ́ bá ti ń sún mọ́ dígírì 31 ti Celsius tàbí tó kọjá bẹ́ẹ̀ ni àwọn àmì wọ̀nyí máa ń hàn sójú táyé. Nígbà tí ojú ọjọ́ bá tutù díẹ̀, koríko kan náà ṣì ń ṣọṣẹ́, ṣùgbọ́n lórí ìwọ̀n nìkan ni ẹ ó ti rí i, èyí ni kò sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn tètè fura.

Àgbà-Pápá:
Dókítà ti sọ gbogbo ẹ̀. Kí n kàn fi ìtàn díẹ̀ kún un, nítorí àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí léèrè pé kí ló dé tí àwọn àgbẹ̀ ìgbà yẹn fi gbin májèlé. Wọn kò mọ̀ pé májèlé ni. Lórí òkè kan ní agbègbè Menifee ní ìpínlẹ̀ Kentucky ni wọ́n ti rí koríko yìí lọ́dún 1931, Yunifásítì Kentucky sì gbé e jáde fún àwọn àgbẹ̀ lọ́dún 1943. Ó di ilẹ̀ mú kí ọ̀gbàrá má bàa gbé e lọ, ó ń wà ní tútù nígbà tí koríko mìíràn ti gbẹ, a kò sì lè fi ìjẹko pa á bọ̀rọ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ní ìpínlẹ̀ Georgia tó rí fọ́ńgọ́sì náà láàárín àwọn ọdún 1970, fescue ti gba ilẹ̀ kan. Lónìí, ó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 35 éékà tí ó bò ní Amẹ́ríkà.

Ní ti ohun tí ẹ ó ṣe lọ́sẹ̀ yìí, ẹ lọ wo pápá yín bóyá ó ti yọ ṣiri. Inú ṣiri àti irúgbìn ni májèlé ti pọ̀ jù lọ, màlúù sì fẹ́ràn láti máa ṣa ṣiri jẹ. Ẹ fi ẹ̀rọ gé ṣiri náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò ti pẹ́ díẹ̀ ní oṣù Kẹfà. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ gé e nígbà tí ṣiri ṣì wà nínú àpò ewé rẹ̀, kó tó yọrí. Lẹ́yìn ṣiri, ìdí koríko, ìwọ̀nba bí ìka mẹ́rin sí ilẹ̀, ni ó tún le sí, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n jẹ pápá kan wọlẹ̀ kí ẹ tó kó wọn lọ sí òmíràn.

Ẹ má sì da ajílẹ̀ náítírójìn púpọ̀ sórí fescue yín nígbà ìrúwé. Ó ń mú koríko pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń mú ergovaline pọ̀ pẹ̀lú. Ìgbẹ́ adìyẹ tí àwọn kan máa ń kó dà sórí pápá lọ́pọ̀ yanturu wà lára èyí tí mò ń wí.

Ìyá Ẹlẹ́ran:
Ẹ kú àlàyé, ẹ̀yin bàbá. Ẹ jẹ́ kí n gba ẹnu yín sọ ti ooru fúnra rẹ̀, nítorí pé a kò lè yí koríko padà kí oòrùn ọ̀la tó ràn.

Omi ni àkọ́kọ́. Abo màlúù tó ń fún ọmọ lọ́mú lè mu tó lítà 70 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ nínú ooru líle, gbogbo wọn ló sì máa ń fẹ́ mu ún lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọpọ́n omi bá kéré tàbí tí omi kò tètè ṣàn wọ inú rẹ̀, àwọn tó lágbára á mu, àwọn ọ̀dọ́ á dúró lẹ́yìn títí ooru á fi gbé wọn ṣubú. Ẹ wo bí omi ṣe ń yára ṣàn sí i, kì í ṣe bí ọpọ́n ṣe tóbi nìkan.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni ibòji. Màlúù kọ̀ọ̀kan nílò ibòji tó fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà méjì níbùú àti mítà méjì lóròó. Igi kan ṣoṣo láàárín pápá kì í ṣe ibòji, nítorí pé gbogbo agbo ni yóò fún ara wọn pọ̀ sí abẹ́ rẹ̀, tí wọ́n á máa ru ooru sí ara wọn lára, tí ilẹ̀ á di ẹrẹ̀, tí eṣinṣin á sì gbà á. Ibòji tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá ni kí ẹ wá, orí òkè sì sàn ju àfonífojì lọ nínú èyí.

Mi ò fara mọ́ adágún yẹn rárá. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí ìtura, ṣùgbọ́n inú omi tí wọ́n dúró sí yẹn náà ni wọ́n ń ṣu tí wọ́n sì ń tọ̀ sí, tí wọ́n tún ń mu. Pátákò ẹsẹ̀ wọn á rọ̀, àrùn ẹsẹ̀ á sì wọlé. Nínú ooru, adágún tí ìgbẹ́ ti pọ̀ nínú rẹ̀ tún lè hu ewéédò olóró tó lè pa màlúù ní kíákíá. Ẹ fi wáyà yí i ká, kí ẹ sì fa omi láti inú rẹ̀ wá sínú ọpọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ibòji. Kí ẹ pèsè ibòji náà kí ẹ tó dí adágún o, kí ẹ má baà gba èyí tí wọ́n ní lọ́wọ́ wọn láìfi nǹkan rọ́pò rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ kó wọn jọ fún abẹ́rẹ́ tàbí fún ìwọ̀n, kí ó jẹ́ òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí iṣẹ́ sì ti parí kí oòrùn tó mú. Ìrọ̀lẹ́ kò dára bó ti wù kí ó tutù lójú yín, nítorí pé ooru inú ara màlúù kì í bá oòrùn lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tí ọ̀sán ti mú jù lọ ni ti inú ara wọn tó ga jù. Òru ni wọ́n fi ń tú ooru ọ̀sán dànù. Bí òru bá gbóná, tí kò wá sísàlẹ̀ dígírì 21 fún ọjọ́ bíi mélòó kan léraléra, ooru àná á kún ti òní lórí, ìgbà yẹn sì ni kí ẹ máa ṣọ́ wọn lójú méjèèjì.

Ọlọ́sìn Missouri:
Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Mo fi ohun èlò wọn ìgbóná ara ọ̀kan nínú wọn lọ́sàn-án, ó ju dígírì 40 lọ. Ẹnì kan ní kí n gún gbogbo wọn ní abẹ́rẹ́ apakòkòrò nítorí pé ibà ẹ̀dọ̀fóró ni. Dókítà, kí lẹ rí sí i?

Dókítà Ẹran:
Ẹ dá ọwọ́ abẹ́rẹ́ yẹn dúró. Nǹkan bíi dígírì 38.6 ni ara màlúù tó wà ní àlàáfíà máa ń gbóná mọ, èyí tó wà lórí fescue olóró nínú ooru sì lè kọjá 40 láìsí kòkòrò àrùn kankan lára rẹ̀. Ẹ wọn wọ́n ní ìdájí kí oòrùn tó yọ. Ẹran tí ooru ń bá jà á ti rọ̀ sílẹ̀ ju ti ọ̀sán lọ dáadáa. Ẹran tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ń ṣàìsàn kò ní fi bẹ́ẹ̀ rọ̀, ẹ ó sì rí i tí ó ń húkọ́, tí ikun ń jáde ní imú rẹ̀, tí ó sorí kodò ní òun nìkan. Àìsàn máa ń bẹ̀rẹ̀ lára ẹyọ kan tàbí méjì, nígbà tí koríko máa ń mú gbogbo agbo papọ̀. Owó abẹ́rẹ́ tí a ti fi ṣòfò lórí ọ̀rọ̀ yìí kò kéré. Ohun tó tún burú níbẹ̀ ni pé ẹ ó kó wọn jọ sínú ọgbà, ẹ ó lé wọn, ẹ ó dè wọ́n mọ́lẹ̀ nínú ooru, èyí nìkan tó láti pa ọ̀kan nínú wọn.

Èyí tó bá la ẹnu sílẹ̀, tó yọ ahọ́n síta, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ti kọjá ọ̀rọ̀ ibòji. Ẹ má lé e rìn. Ẹ da omi tútù púpọ̀ sí i lára, kí omi náà sì wọ inú irun dé awọ, kí ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ sí i. Omi tí a kàn fọ́n wínníwínní sí orí irun kò wúlò, ọ̀rinrin nìkan ni ó ń fi kún afẹ́fẹ́ àyíká rẹ̀.

Onípápá-Tuntun:
Ẹ̀gbọ́n Àgbà-Pápá, mo júbà, ṣùgbọ́n gígé ṣiri lọ́dọọdún dà bí ẹni tó ń gbọ́n omi ojúlé láìtún òrùlé ṣe. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wa yìí pa koríko ọ̀hún rẹ́, kí ó sì gbin fescue tí fọ́ńgọ́sì inú rẹ̀ kì í pa ẹran lára. Àwọn onímọ̀ New Zealand ti ṣa irú fọ́ńgọ́sì bẹ́ẹ̀ jọ, wọ́n fi í sínú fescue, ó sì ti wà lọ́jà láti nǹkan bí ọdún 2000. Koríko náà ṣì ń fara da ọ̀dá, ṣùgbọ́n kì í pèsè ergovaline.

Àgbà-Pápá:
Mo gbọ́, àbúrò. Ṣé òkè ni pápá rẹ̀ ni àbí ilẹ̀ títẹ́jú? Bí ó bá jẹ́ òkè tí ó dagun, tí ó sì pa koríko tó di ilẹ̀ náà mú, ọ̀gbàrá á kó ilẹ̀ lọ kí tuntun tó fìdí múlẹ̀. Ìyẹn nìkan kọ́. Kí ó tó náwó rárá, kí ó ṣe àyẹ̀wò. Kò sí ẹni tó lè fi ojú wo fescue kó mọ èyí tó ní fọ́ńgọ́sì. Kí ó gé ìdí koríko láti ọ̀pọ̀ ibi káàkiri pápá nígbà tí koríko ń dàgbà dáadáa, kí ó jẹ́ kó tutù, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò. Ìṣirò tí a máa ń lò ni pé, fún gbogbo ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tí fọ́ńgọ́sì bá fi pọ̀ sí i nínú koríko, màlúù tó ń dàgbà á pàdánù nǹkan bí ìdámẹ́wàá pọ́ùn lára ìwọ̀n tó yẹ kó máa fi kún ara rẹ̀ lójúmọ́. Pápá tó wà ní ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ gbin clover, ewéko kan tí màlúù lè jẹ pọ̀ mọ́ koríko, sí i, kí ẹ máa bá a lọ. Èyí tó bá wọ ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì tẹ́jú, ìmọ̀ràn ti Onípápá-Tuntun ni kí ó tẹ̀ lé.

Onípápá-Tuntun:
Mo gbà bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Èyí tó bá tẹ́jú jù tí ó sì burú jù ni kí ó kọ́kọ́ mú, kí ó má ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kí ó má jẹ́ kí èyí tó fẹ́ pa yọ ṣiri rárá ní ìgbà ìrúwé, kí ó fi oògùn apakoríko pa á, kí ó gbin jéró sí i fún ìgbà ooru kí fescue tó bá tún yọjú lè hàn, kí ó tún fi oògùn pa á lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́yìn náà kí ó gbin tuntun nígbà ìwọ́wé. Fọ́ńgọ́sì yìí kì í fò láti ara koríko kan sí òmíràn, inú irúgbìn nìkan ló ń gbà tan kálẹ̀. Nítorí náà, bí màlúù bá ti ń jẹ ṣiri pápá àtijọ́, ẹ tì wọ́n mọ́ ibòmíràn fún ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú koríko gbígbẹ tí kò ní irúgbìn, kí wọ́n má baà fi ìgbẹ́ gbé irúgbìn olóró wọ pápá tuntun.

Kí ẹnikẹ́ni má sì tà fún un ní fescue tí kò ní fọ́ńgọ́sì rárá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbìn ín nígbà tí a kọ́kọ́ mọ ohun tó fa ìṣòro yìí, ọ̀dá àti ìjẹko sì pa á tán lórí ilẹ̀ wọn.

Dókítà Ẹran:
Ẹ jẹ́ kí n fi ti clover kún un, nítorí àwọn kan rò pé àbùlà lásán ni. Ó ń bu là á lóòótọ́, bí ó bá tó nǹkan bí ìdá 25 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà ní pápá. Ṣùgbọ́n èyí tó ní òdòdó pupa tún ní èròjà kan tí ń jẹ́ biochanin A, èyí tí àwọn olùṣèwádìí ìjọba Amẹ́ríkà ní Kentucky rí i pé ó ń tú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó fún sílẹ̀. Ní ti àwọn àpò èròjà tí wọ́n ń tà pé ó ń wo àrùn fescue sàn, kò sí oògùn kankan tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bóyá kọ́pà kò tó wọn lára, nítorí pé àìtó rẹ̀ náà máa ń mú irun ṣe jákujàku, ẹ má sì retí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹlẹ́ṣin:
Ẹ jọ̀ọ́, mo ní abo ẹṣin tó lóyún lórí irú pápá yìí. Ṣé kí n bẹ̀rù?

Dókítà Ẹran:
Ẹ kó o kúrò, ó kéré tán, oṣù méjì sí mẹ́ta kí ó tó bímọ. Oyún rẹ̀ lè pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì lè má rí wàrà kankan fún ọmọ. Ẹ tètè kàn sí dókítà tó wà nítòsí yín.

Ọlọ́sìn Missouri:
Ọ̀rọ̀ akọ màlúù ń kọ mí lóminú. Oṣù Kẹfà àti oṣù Keje ni mo máa ń jẹ́ kó wà láàárín àwọn abo.

Ìyá Ẹlẹ́ran:
Ìgbà tó burú jù lọ nínú ọdún nìyẹn, ọmọ mi. Bí abo bá lóyún nínú ooru yẹn, oyún náà máa ń bà jẹ́ nígbà tí kò tí ì dàgbà, ẹ ó kàn rí i tí ó tún ń wá akọ ni. Ti akọ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé nǹkan bí ọgọ́ta ọjọ́ ni àtọ̀ fi ń ṣẹ̀dá lára rẹ̀, tí ó fi hàn pé ooru oṣù Keje lè ṣì wà nínú àtọ̀ oṣù Kẹsàn-án. Ọ̀pọ̀ wa tó wà lórí fescue ti gbé ìbímọ sí ìgbà ìwọ́wé, kí ìgbà tí akọ ń gun abo lè bọ́ sí oṣù Kọkànlá àti Kejìlá. Mo kà á sí ìyípadà tó lérè jù tí kò sì náni lówó jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé koríko gbígbẹ tí ẹ ó fi bọ́ abiyamọ nígbà òtútù á pọ̀ sí i. Nígbà tí ẹ bá sì ń yan àwọn tí ẹ ó dá sí, ẹ wo irun wọn ní ìparí oṣù Karùn-ún. Èyí tí irun rẹ̀ ti re mọ́ pátápátá lórí fescue kan náà ni kí ẹ fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ láti rọ́pò ìyá, nítorí pé àbùdá yẹn máa ń wọ ọmọ lára.

Ọlọ́sìn Missouri:
Mo ti gé ṣiri, mo sì ti ń ra wáyà. Ìbéèrè mi tó kù ni pé, bí òtútù bá dé, ṣé wàhálà yìí parí nìyẹn?

Dókítà Ẹran:
Ó kàn yí ojú padà ni. Iṣan tó ń fún nínú ooru náà ló tún ń fún nínú yìnyín, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní dé ẹsẹ̀, ìrù àti etí tó. Ẹ ó rí màlúù tó ń tiro, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló sábà máa ń jẹ́, tí òkè pátákò rẹ̀ á wú tí á sì pọ́n. Bí a kò bá tètè mú un, pátákò á bọ́, ẹran náà kò sì ní ṣeé tọ́jú mọ́. Fescue tí ẹ bá fi sílẹ̀ láti ìgbà ìwọ́wé kí ó ga fún ìjẹko òtútù, ẹ má yára kó wọn wọ ibẹ̀. Májèlé inú rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ bí òtútù ti ń pẹ́ sí i, nítorí náà koríko gbígbẹ ni kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ, kí ẹ sì fi pápá náà dúró de oṣù Kìn-ín-ní. Bí ẹ bá gé fescue tí ẹ sá a gbẹ, ergovaline inú rẹ̀ máa ń dín kù nínú àká, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ bá dì ní tútù kí ó kan kì í fi bẹ́ẹ̀ dín kù. Ní gbogbo òwúrọ̀ tí ilẹ̀ bá dì, ẹ jẹ́ kí agbo náà rìn kọjá níwájú yín lórí ilẹ̀ líle, kí ẹ máa wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọn, kí ẹ sì kó èyí tó bá ń tiro kúrò lórí fescue lọ́jọ́ náà gan-an.